Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìńtálọ́ọ̀kì Tí Ó Rì Lẹ́yìn Ilé

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni a to ìńtálọ́ọ̀kì sí ẹ̀yìnkùlé wa, kí a lè rí ibi jókòó gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ fẹ̀ tó mítà 4 sí 3. Àárín rẹ̀ ti rì báyìí, omi sì ń dúró sí ẹ̀bá ògiri ilé ìdáná. Oníṣẹ́ wa ní kí a po sìmẹ́ǹtì, kí a fi dí àárín àwọn òkúta náà. Ṣé kí a gbà? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ má gbà. Bí ilẹ̀ bá tún rì, sìmẹ́ǹtì náà yóò sán, kò sì ní ṣeé ṣe mọ́ láti tú òkúta láìfọ́ ọ. Abẹ́ ni ohun tí ó bàjẹ́ wà. Mo fura pé orí ilẹ̀ dúdú ni wọ́n da yanrìn sí. Gbòǹgbò àti ewé inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa jẹrà, ilẹ̀ a sì máa jìn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tún máa ń fi yanrìn dí kòtò kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbowó, bẹ́ẹ̀ yanrìn tí ó bá nípọn jù kì í dúró sójú kan.

Ẹ tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ kó àwọn òkúta náà pamọ́, nítorí wọ́n ṣì wúlò. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́ kí ojú òkúta náà wà: 10 fún yangí, 4 fún yanrìn, 6 fún òkúta fúnra rẹ̀. Ìpele méjì ni kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gún yangí náà, kí wọ́n máa wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bí gìgísẹ̀ bá ṣì ń rì sínú rẹ̀, kò tíì tó.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti dúró ti oníṣẹ́ gan-an ni bí omi yóò ṣe ṣàn. Etí tí ó jìnnà sí ògiri gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 rẹlẹ̀ ju ẹ̀bá ògiri lọ, bí ó bá jẹ́ pé mítà 3 ni ó wà láàárín wọn. Kí wọ́n na okùn, nítorí ojú lásán ń tan ni. Ẹ̀bá ògiri náà gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé ìdáná lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin yóò gun ògiri, ọ̀dà yóò sì máa bó.

Kí wọ́n fi kọnkéré di etí rẹ̀ yíká kí yanrìn má baà sá jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n bá to òkúta tán, yanrìn gbígbẹ tí ó kúnná ni kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá sí àárín wọn, kí wọ́n sì tún fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí yangí tí ó ti mu omi yó kì í ṣeé gún le. Ní báyìí ná, ẹ tú ìlà òkúta tí ó wà lẹ́bàá ògiri, kí ẹ sì la ojú àgbàrá kékeré kan síbẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà lọ.