Igbó Ìsun Àdúgbò Wa Ti Fẹ́ Di Plọ́ọ̀tì

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò kan nílùú Ilé-Ifẹ̀. Igbó kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa, kò lè ju plọ́ọ̀tì mẹ́jọ lọ, omi sì ń sun lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń pọn omi kí ẹ̀rọ tó dé, ibẹ̀ náà la ṣì ń sá lọ bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú kí kànga gbẹ. Gbogbo àdúgbò ló ni ín, kò sì sí ìwé kankan lórí rẹ̀. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti sọ etí rẹ̀ di ààtàn. Ní báyìí, ọmọkùnrin kan nínú ẹbí tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ti ń kan èèkàn sínú rẹ̀, ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Àwọn àgbà ní ká máa wò ó, pé ilẹ̀ yóò jà fúnra rẹ̀. Kí ni ká ṣe? (Akọ̀wé Àdúgbò, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ má wò ó rárá. Ọdún 29 ni mo fi ṣiṣẹ́ igbó ọba kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò rí ilẹ̀ kan tó jà fúnra rẹ̀ rí. Ẹnu tí a bá dákẹ́, tara ẹni níí bá a dákẹ́.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí lọ́yà, ẹ kọ́kọ́ lọ rin ààlà. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ní abúlé kan lápá Ifẹ̀wàrà. Ìjà ilẹ̀ etí odò ló gbé wa débẹ̀. Bàbá kan ní ààlà wà lọ́hùn-ún, èkejì ní irọ́ ni, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ìyá àgbà kan tí kò tíì la ẹnu láti àárọ̀ bá dìde, ó mú àdá, ó wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. A tẹ̀ lé e. Ó ń fi àdá ya ewé ẹ̀gẹ́ sọ́tùn-ún sósì títí ó fi kan pẹ̀rẹ̀gún kan, igi tí àwọn baba wa fi ń pààlà, tí ewé ti bò mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi. Àpá àdá wà lára rẹ̀ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí, gbogbo ibi tí wọ́n ti bẹ́ ẹ ló sì ti rú ewé padà. Ìyá rìn síwájú, ó tún kan òmíràn. Kí ó tó kan ìkẹta, bàbá tó ní kò sí ààlà ti jókòó sórí ebè.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò yín. Ẹ wá a kàn kí ó tó kú. Ẹ mú un dání ní Sátidé kan, òun àti àwọn àgbà yòókù, kí ẹ sì pe ẹbí ọmọkùnrin tó ń kan èèkàn yìí náà. Ẹ má fi wọ́n sẹ́yìn. Bí olórí ẹbí wọn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níṣojú gbogbo yín pé igbó ìsun kò sí nínú ilẹ̀ àwọn, agbára ọmọ yẹn ti dín kù. Kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù ká ohùn àti àwòrán sílẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń dárúkọ ibì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ rìn ín. Níbi tí pẹ̀rẹ̀gún kò bá sí mọ́, ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ gún síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dáwó jọ fún sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kí ó wọn ilẹ̀, kí ó ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà pláànù sọ́fíìsì sọ̀fíyọ̀ àgbà ìjọba ní Òṣogbo. Lórúkọ àdúgbò ni o, kì í ṣe lórúkọ alága. Mo ti rí ibi tí alága kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ pín ilẹ̀ àdúgbò mọ́ ogún.

Ní ti òfin, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó máa bójú tó o fún gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n kò lé ẹni tó ti ń lo ilẹ̀ kí òfin náà tó dé kúrò lórí rẹ̀. Àṣà ilẹ̀ ẹbí tí ilé ẹjọ́ gbà náà wà síbẹ̀: bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá, bí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e, bí wọ́n bá tètè wá. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lóòótọ́, òun nìkan kọ́ ló lè tà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wò ó títí ẹnìkan fi ra á, tó kọ́lé, tó kan páànù, adájọ́ yóò bi yín pé níbo lẹ wà.

Ẹ wo Igbó Olókun wa nínú Ifẹ̀ níbí. Igbó gidi ni nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì dé ibẹ̀ ní 1910. Ìlẹ̀kẹ̀ tí Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wú jáde níbẹ̀, tí wọ́n kọ ìwé lé lórí ní 2017, lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí àwọn baba wa fi ń yọ́ gíláàsì, ọ̀pọ̀ ọdún kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Lónìí, ilé ló gba ibẹ̀ kan. Inú mi kì í dùn bí mo bá ń kọjá. Àwọn ará Òṣogbo rí irú rẹ̀ tó ń bọ̀: wọ́n ti ń gé igi Igbó Ọ̀ṣun, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ sì ti ń fojú sí i, kí Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà àti àwọn ọmọ ìlú tó dìde. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹdò tàbí dẹ igbó níbẹ̀ mọ́. Ìjọba fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1965, UNESCO tẹ̀ lé e ní 2005. Hẹ́kítà 75 ló ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ti ààtàn ńkọ́? Ẹ má kàn kọ “Má da ilẹ̀ síbí” sára ògiri. Àwọn tó ń da ilẹ̀ síbẹ̀ kò ní ibòmíràn. Ẹ wá ibi tí ọkọ̀ akólẹ̀ lè dé, kí ẹ tó ṣe ọ̀wẹ̀ láti kó ti ẹ̀gbẹ́ igbó kúrò. Ẹ má sun ún níbẹ̀. Bátìrì àti oògùn tó ti bàjẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ni òjò ń fọ̀ lọ sínú omi tí ẹ ń mu.

Ẹ sì dákun, bí ẹ bá ti kó o tán, ẹ má “tún igbó náà ṣe”. Mo mọ̀ wá, a fẹ́ràn ká gbá ilẹ̀ mọ́ toní-toní, ká fi símẹ́ńtì lé e. Ewé tó ń jẹrà lábẹ́ igi yẹn ló ń mu òjò díẹ̀díẹ̀ tó ń fi ránṣẹ́ sí ìsun. Bí ẹ bá gbá a kúrò, òjò á kàn ṣàn kọjá, ìsun á sì gbẹ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ẹ má gbin tíìkì tàbí mẹlaína síbẹ̀, igi gẹdú lásán ni wọ́n. Àfàrà, ìyeyè àti akòko ló yẹ ẹ́. Níbi tí etí omi bá ti ń ya, ẹ gbin ọparun. Ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń pọn omi ni kí kọ́kọ́rọ́ ọgbà rẹ̀ wà.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, abúlé wa kò jìnnà sí Iléṣà. Àwọn tó ń wa góòlù fẹ́ fún wa lówó kí wọ́n wa ilẹ̀ etí odò tí gbogbo wa jọ ń lò. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká gbà. (Ọmọ Ìjẹ̀ṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Òfin ohun àlùmọ́nì ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin gan-an kò lè tà á fún wọn. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ wọn. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìwakùsà gidi, òfin yẹn kan náà ní kí ó bá abúlé tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn tó wà lákọsílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi owó sínú àpòòwé wá lóru kò ní àdéhùn kankan lọ́kàn. Mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń ṣa góòlù, májèlé ni, ó máa ń wọ inú ẹja, inú ẹja ló sì ti ń dé ọ̀dọ̀ aboyún àti ọmọ inú rẹ̀.

Odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun. Mo lọ sí etí Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lẹ́yìn tí ìwakùsà yìí gbòde, mo bu omi náà sọ́wọ́, ó pọ́n bí omi amọ̀, mi ò rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi nínú rẹ̀. Ẹ pe ìpàdé abúlé kí ẹ tó pè wọ́n padà, kí ẹ sì bu omi odò yín sínú ìgò funfun kan báyìí tó ṣì mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ gbé e sáàrin ìpàdé kí àwọn ọ̀dọ́ yín rí i.