Karmann Ghia: ara ọkọ̀ ni kó o yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì

Àbúrò, o ní Karmann Ghia méjì lo rí, ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ yẹn, o sì fẹ́ mọ èyí tó yẹ kó o rà. Ọ̀dà ọ̀kan ń dán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dà èkejì ti ṣí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Tí ara èkejì kò bá tíì dípẹtà, òun ni kó o rà.

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá (Volkswagen Beetle) ló wà nínú méjèèjì. Ìjàpá náà ni mo fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn kí n tó wá sí Birmingham. Kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, bóòtì mẹ́rin péré ló sì dè é mọ́ gíà. Páàtì rẹ̀ kún ọjà níbí.

Ara rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ní 1953, Luigi Segre, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Ghia ní Turin, fi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ Ìjàpá kan ṣe àpẹẹrẹ ọkọ̀ yìí, Wilhelm Karmann, tó ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ara ọkọ̀, sì gbà á. Àwọn Volkswagen fọwọ́ sí i, ó sì jáde ní 1955 láti Osnabrück, ní Jámánì. (Àwọn kan ní Virgil Exner, ayàwòrán ọkọ̀ fún Chrysler ní Amẹ́ríkà, ló ni àwòrán rẹ̀. N kò dá sí ìjà wọn, àmọ́ wo èjìká ẹ̀yìn Chrysler D'Elegance, ọkọ̀ tí Exner yà, ná.) Ẹṣin 30 ni agbára ti àkọ́kọ́, ojú lásán ló fi ń sáré.

Fẹ́ńdà Ìjàpá, bóòtì la fi ń dè é. Tó bá bàjẹ́, a tú u, a fi òmíràn sí i. Ti Ghia, jíjó (wẹ́ẹ̀dì) ni wọ́n jó o mọ́ ara. Imú rẹ̀ gan-an, ègé irin mélòó kan ni wọ́n jó pọ̀, wọ́n fi òjé dí ojú ìjó, wọ́n sì fi ọwọ́ fáìlì rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ti fi imú yẹn gbá nǹkan rí, iṣẹ́ panel beater tó mọṣẹ́ ló kù, owó rẹ̀ sì lè ju owó ọkọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi pọ́tí bò ó.

Wọ́n á ní kó o mú òòfà lọ láti fi wá pọ́tí, torí òòfà kì í mú pọ́tí. Mú un lọ, àmọ́ rántí pé òòfà kì í mú òjé náà. Tó bá jábọ́ lójú ìjó imú, ìyẹn nìkan kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn iná iwájú. Ibẹ̀ ni wàá ti rí ojú òòlù, torí kì í sẹ́ni tó ń pọ́tí ẹ̀yìn irin. Gbé sípíà táyà kúrò, kó o wo abẹ́ rẹ̀. Bátìrì wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ásíìdì rẹ̀ máa ń jẹ irin tó gbé e dúró.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: abẹ́ ilẹ̀kùn. Ihò tí ooru ẹ́ńjìnnì ń gbà wá síwájú wà nínú irin ibẹ̀, irin yẹn náà ló sì gbé ọkọ̀ dúró. Ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, gbé jáàkì sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, kó o tún gbìyànjú láti tì í. Tí kò bá tì dáadáa mọ́, inú ti jẹrà. Ẹni tó bá ní kó o má gbé jáàkì sí ọkọ̀ òun, kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì yẹn, òun ni kó o fi ná owó wálẹ̀.