Èsì: Tábìlì pálọ̀ tó ń mì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní tábìlì kékeré tẹ́ ẹ kàn fún pálọ̀ ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ wá ń béèrè pé ṣé kẹ́ ẹ fi ìṣó kún un. Rárá o, ìṣó kọ́ ló kù, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ní ohun tó dì wọ́n mú ni. Ẹ gé pákó mẹ́rin tó fẹ̀ tó íǹṣì 3, ẹ fi so ẹsẹ̀ kan mọ́ èkejì yí ká lábẹ́ ojú tábìlì, gọ́ọ̀mù àti súkúrúù ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò kékeré kẹ́ ẹ tó yí súkúrúù wọlé o, tèmi tí mi ò lu, ṣe ló dún kàá, pákó là sí méjì, ó dùn mí gan-an. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, kẹ́ ẹ wọn igun méjì tó kù náà bẹ́ẹ̀, tí ìwọ̀n méjèèjì bá ti bára mu, ó ti gún nìyẹn.