Ẹ Bi Wá: Wọ́n Jí Iṣẹ́ Mi Lò, Wọ́n Ní Èmi Náà Jí Tẹlòmíràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ayàwòrán ni mí ní Àkúrẹ́. Mo ya òkè Ìdànrè lásìkò òjò, mo gbé e sí Facebook mi. Ilé ìtura kan gé orúkọ mi kúrò lára rẹ̀, wọ́n wá ń fi polówó yàrá. Mo tẹ "Report" títí ó fi sú mi, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Àbí torí pé mi ò forúkọ àwòrán náà sílẹ̀ níbì kankan ni?

Rárá o. Ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọ́píráìtì, kì í dúró de ìforúkọsílẹ̀. Bí ẹ ti tẹ kámẹ́rà tí àwòrán wọ inú mẹ́mórì, tiyín ni, yóò sì jẹ́ tiyín di 50 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde. Ohun tí Òfin Kọ́píráìtì 2022 sọ nìyẹn, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Èèyàn lè forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ Nigerian Copyright Commission. Ó dára bí ẹ̀rí, àmọ́ kì í ṣe dandan.

Bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀ ni kò tọ́. "Report" tó wà lábẹ́ àmì tóótòòtó mẹ́ta yẹn wà fún ìsọkúsọ àti jìbìtì. Ẹ̀sùn kọ́píráìtì ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú Help Centre Facebook.

Ẹ má tíì lọ síbẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ, torí ní kété tí wọ́n bá gbọ́ fìn-ín, wọ́n á pa àwòrán náà rẹ́, wọ́n á ní àwọn ò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ya ojú fóònù yín (screenshot), kí orúkọ ilé ìtura náà àti ọjọ́ hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọjọ́ tó wà lábẹ́ orúkọ wọn, línkì àwòrán náà gan-an ni yóò jáde. Línkì ojúewé wọn lódindi kò wúlò, torí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn kò ní máa wá fọ́tò kan ṣoṣo kiri láàárín ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ẹ tún wá fáìlì tó ti inú kámẹ́rà wá, èyí tí ọjọ́, wákàtí àti irú kámẹ́rà ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá ti fi WhatsApp ránṣẹ́ bíi fọ́tò kò ní ìwọ̀nyí mọ́, WhatsApp ti bọ́ wọn dànù. Bí ẹ bá ní láti fi í ránṣẹ́, ẹ mú "Document".

Fọ́ọ̀mù náà yóò béèrè orúkọ yín ní kíkún àti í-meèlì, línkì ibi tí iṣẹ́ yín kọ́kọ́ wà, àti línkì ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Ẹ ó sọ pé ó dá yín lójú pé kò sẹ́ni tó fún wọn láṣẹ, ẹ ó jẹ́ẹ̀jẹ́ pé òótọ́ lẹ kọ àti pé ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ náà tàbí pé ẹni tó ni í ló rán yín, ẹ ó wá fọwọ́ sí i. Orúkọ tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀ ti tó fún ìfọwọ́sí. Òfin Amẹ́ríkà kan ti ọdún 1998 ló là á sílẹ̀ báyìí, ohun tí òfin tiwa ń béèrè kò sì jìnnà sí i. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, ẹ̀sùn náà lè má lọ síbì kankan. Gbólóhùn méjì tó: "Èmi ni mo ya àwòrán tó wà ní línkì àkọ́kọ́. Ẹni tó wà ní línkì kejì ń lò ó láìgbàṣẹ, ó sì ti gé orúkọ mi kúrò." Ẹ má pè wọ́n lólè níbẹ̀, ẹ má ṣépè. Facebook lè fún wọn ní orúkọ àti í-meèlì yín, nítorí náà í-meèlì iṣẹ́ ni kí ẹ lò.

Bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ òfin Nàìjíríà ni àwòrán náà wà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn yín tó ẹni tó gbé e síbẹ̀ létí kíá. Bí ọjọ́ 10 bá pé tí kò rí àlàyé gidi ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

Yíyọ tí wọ́n bá yọ ọ́ kò mú owó wá o. Bó bá jẹ́ owó lẹ fẹ́, ní tiwa, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹ̀rí, ẹ kọ́kọ́ fi ìwé owó (invoice) ránṣẹ́ sí ilé ìtura náà, iye tí ẹ máa ń gbà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí wà ní Àkúrẹ́, àmọ́ fún fọ́tò kan ṣoṣo, owó lọ́yà lè ju owó fọ́tò lọ.

Mo ń ṣe eré aláwàdà lórí YouTube láti ìlú Oǹdó. Wọ́n ní mo lo orin olórin. Ìṣẹ́jú àáyá 18 péré ni mo lò, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo ni orin. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n á ti ṣánẹ́ẹ̀lì mi pa?

Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ìwé méjì tí kò jọra ni YouTube máa ń fi ránṣẹ́, "strike" sì làwọn èèyàn ń pe méjèèjì. Ẹ ṣí YouTube Studio, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń bójú tó ṣánẹ́ẹ̀lì yín, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú fídíò náà. Bó bá jẹ́ "Copyright claim", ẹ̀rọ ló sábà máa ń dá orin náà mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, fídíò yín á ṣì wà níbẹ̀, owó ìpolówó orí rẹ̀ ni yóò máa lọ sọ́dọ̀ olórin. Kò ba ṣánẹ́ẹ̀lì yín jẹ́. "Copyright strike" ni kí ẹ bẹ̀rù: ẹni tó ni iṣẹ́ ló kọ̀wé ẹ̀sùn, wọ́n sì ti yọ fídíò náà. Bó bá di mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́, wọ́n lè ti ṣánẹ́ẹ̀lì pa. Ẹyọ kan máa ń kúrò lẹ́yìn 90 ọjọ́, bí ẹ bá ti parí ẹ̀kọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní Copyright School.

Bó bá jẹ́ "claim", ẹ má pa fídíò náà rẹ́ kí ẹ tún un gbé sókè, gbogbo iye àwọn tó ti wò ó ni ẹ ó pàdánù. Inú Studio níbẹ̀ lẹ ti lè gé ibi tí orin wà kúrò, kí ẹ pa ohùn orin náà, tàbí kí ẹ fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sísàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ààbò, ìjẹ́wọ́ ni. Kò sì sí òfin kankan tó ka ìṣẹ́jú àáyá fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí òfin wa ń wò ni ìdí tí ẹ fi lò ó, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ibi tí ẹ mú ṣe pọ̀ tó tó sì ṣe kókó tó nínú odidi, àti bóyá lílò yín yóò ba ọjà olórin jẹ́. Ó gba àríwísí láyè, ó gba ìròyìn, ó gba ẹ̀fẹ̀. Bí ẹ bá fi orin náà gan-an ṣẹ̀fẹ̀, ẹ ní ẹsẹ̀ tí ẹ lè fi dúró. Àmọ́ bó bá kàn ń dún lábẹ́ ìran tí ìyàwó ti ń fi ọmọ orógùn lé ọkọ kiri ilé, ohun ọ̀ṣọ́ ni, ẹ ó sì gbàṣẹ.

Bí ẹ bá ní ẹjọ́ rò lóòótọ́, ẹ tako "claim" náà kó tó pé ọjọ́ 5, wọ́n á sì ya owó orí fídíò náà sọ́tọ̀ títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Olórin ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Títako "strike" le jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ àti àdírẹ́sì yín yóò dé ọwọ́ ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín, ẹ ó sì gbà pé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lè pè yín. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi dánra wò.

Àwọn kan á ní kí ẹ kó ẹgbẹ́ akọrin jọ kí wọ́n tún orin náà kọ. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lára orin: ti ẹni tó hun ún, àti ti ẹni tó gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò. Bí ẹ bá tún un kọ, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì, ẹni àkọ́kọ́ ṣì ń dúró dè yín. Ó rọrùn kí ẹ mú orin láti inú Audio Library YouTube, àkójọ orin tí YouTube gbà kí èèyàn lò, tàbí kí ẹ bẹ onílù kan níṣẹ́. Bó bá jẹ́ onílù, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún yín, kó sì fọwọ́ sí i. Àdéhùn ẹnu kò lè gbé ẹ̀tọ́ àdàkọ fún ẹlòmíràn.

Ẹni tó ya fọ́tò ìgbéyàwó wa ti fi ojú èmi àti ọkọ mi ṣe pátákó ìpolówó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A sanwó fún un tán. Ṣé fọ́tò kì í ṣe tiwa ni?

Owó tí ẹ san kò sọ ẹ̀tọ́ àdàkọ di tiyín, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ayàwòrán ló ṣì ni ín. Àmọ́ fọ́tò tí èèyàn bẹ̀ ní iṣẹ́ fún ọ̀ràn ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀ yàtọ̀: òfin fún yín láyè láti lò ó níbi tí kì í bá ti í ṣe ọjà, ó sì fún yín lágbára láti ní kó má gbé e síta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé kó gbé pátákó náà kúrò, kí ẹ mú ọjọ́. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá, ẹ wo rìsíìtì àti ìwé àdéhùn yín dáadáa. Àwọn ayàwòrán míì máa ń fi ìlà kan sísàlẹ̀ pé oníbàárà gbà kí àwọn fi polówó, ọ̀pọ̀ ìyàwó kì í sì í ka ibẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí i.

Mo ṣe fídíò bí a ṣe ń ṣe púpurú, láti orí rírẹ ẹ̀gẹ́ dé orí yíyá a lórí iná. Obìnrin kan ti ṣe irú rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan náà. Ṣé mo lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló rẹ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, tó fún un, tó mọ ọ́n róbótó, tó sì yá a lórí iná níwájú kámẹ́rà tirẹ̀, kò jí nǹkan kan. Òfin kì í dáàbò bo èrò tàbí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan, ká má tilẹ̀ wá sọ oúnjẹ tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe tipẹ́. Àwòrán tí ẹ yà, ohùn yín tó ń ṣàlàyé àti ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ ni tiyín. Ẹ jókòó, kí ẹ wo fídíò rẹ̀ tán. Bí ẹ bá rí ọwọ́ ara yín nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ gbọ́ ohùn yín, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó ti parí, nínú fídíò tiyín àti nínú tirẹ̀, kí ẹ tó ṣí fọ́ọ̀mù.