Ṣé mo lè sin adìyẹ àti màlúù pọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, o lè sin wọ́n pọ̀ dáadáa, àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n jọ máa sùn sínú ilé kan. Jẹ́ kí màlúù kọ́kọ́ jẹ koríko ibì kan, tó bá di bí ọjọ́ 3 sí 4 kó o wá da adìyẹ síbẹ̀, torí ìgbà yẹn ni ìdin eṣinṣin ti máa ń tóbi nínú ìgbẹ́ màlúù, adìyẹ á tú ìgbẹ́ yẹn ká, á ṣa ìdin jẹ, eṣinṣin á dínkù, ìgbẹ́ náà á sì tètè di ajílẹ̀.

Oúnjẹ ló léwu jù. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí màlúù rí oúnjẹ adìyẹ jẹ, ọkà inú ẹ̀ ti pọ̀ jù, tó bá jẹ ẹ́ lájẹjù inú ẹ̀ á kan, á wú, ó sì lè kú síbẹ̀, torí náà ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ gbọ́dọ̀ kéré débi tí orí màlúù ò ní lè wọbẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ ò sì gbọ́dọ̀ kan omi màlúù, torí kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella. Tí adìyẹ bá kú, tètè gbé e kúrò, òkú adìyẹ tó jẹrà lè ní májèlé botulism nínú, ìyẹn sì máa ń pa màlúù.

Tó ò bá tíì sin nǹkan kan rí, adìyẹ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ ní tèmi o, tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 á ti máa yé ẹyin, oyún màlúù nìkan ti tó oṣù 9, kò sì ní sí wàrà àfi tó bá bí.