Ẹ má dúró di ọjọ́ ìdásílẹ̀ kí ẹ tó wá ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀

Ẹ kú àfaradà o. Ẹ ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí àbúrò yín, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, kúrò lẹ́wọ̀n kaúńtì (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀), pé pọ́ọ̀sì rẹ̀ ti sọnù, ẹ sì ń béèrè bóyá ìjọba ló yẹ kó sanwó ìwé ìdánimọ̀ tuntun. Màá dé orí owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ló ń já mi láyà.

Ìwé ẹ̀rí ìbí ni kí ẹ kọ́kọ́ lépa. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í fún èèyàn ní ẹ̀dà láìrí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdánimọ̀ gan-an ló ń wá. Ọ̀nà àbáyọ ni pé òbí lè fi ìdánimọ̀ tirẹ̀ béèrè ìwé ìbí ọmọ rẹ̀. Kí ìyá yín kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ ìjọba ni kẹ́ ẹ gbà. Fọ́tòkọ́pì kò wúlò, kódà bí nótárì bá fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i nínú ẹ̀wọ̀n. Mo tún un sọ, ẹ má ṣe é! Ọ̀pọ̀ ẹ̀wọ̀n nísinsìnyí máa ń ya àwòrán lẹ́tà, àwòrán yẹn ni wọ́n ń fi han ẹlẹ́wọ̀n lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì run ojúlówó rẹ̀. Ìwé tẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan dúró dè, ó ti lọ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń sọ pé “ẹ ṣáà fi ránṣẹ́” kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá sọnù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé, tàbí kẹ́ ẹ fi lé ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ lọ́wọ́, kí ó fọwọ́ sí i pé òun gbà á, kí ó sì kọ ọ́ mọ́ ẹrù rẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? Ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé ni wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí ìwé ìbí bá pè é ní Oluwaseun, tí ẹ̀wọ̀n wá kọ Seun, lẹ́tà ìdánimọ̀ tí ẹ̀wọ̀n bá fún un lè má wúlò fún nǹkan kan. Ìgbà tó ṣì wà nínú ni kó kọ̀wé béèrè àtúnṣe. Tó bá ti jáde, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn.

Ọ̀fẹ́ ni káàdì Social Security, ìyẹn káàdì nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń mọ òṣìṣẹ́, fọ́ọ̀mù SS-5 ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀. Ìwé ìbí nìkan kò tó, torí kò sọ pé ẹni tó mú un wá ló ni ín. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀wọ̀n náà bá ọ́fíìsì Social Security ṣe àdéhùn láti gba fọ́ọ̀mù náà látinú ọgbà. Káàdì ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn.

Pọ́ọ̀sì yẹn náà, ṣé ẹ ti béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó mú un? Ó lè wà ní yàrá ẹrù tiwọn, kì í ṣe ti ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì máa ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dànù tó bá pẹ́.

Ní ti owó, ẹ má fi òfin First Step Act ti 2018, èyí tó ní kí ẹ̀wọ̀n bá ẹlẹ́wọ̀n wá ìwé ìdánimọ̀ kó tó jáde, halẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ nìkan lòfin yẹn kàn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń yọ̀ǹda owó ìwé fún ẹni tó ń jáde, nítorí náà ẹ béèrè. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé owó tí kaúńtì ń ná lórí ẹlẹ́wọ̀n kan lóru ọjọ́ kan ṣoṣo sábà máa ń ju owó ìwé ìbí lọ. Wọ́n á fi owó kékeré yẹn dù ú, tí kò bá ríṣẹ́ tó sì padà wọlé, owó orí aráàlú ló ń lọ.

Tó bá ríṣẹ́, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3 péré lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn fún fọ́ọ̀mù I-9, èyí tí agbanisíṣẹ́ fi ń rí i dájú pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí káàdì Social Security tuntun kò bá tíì dé, kó mú rìsíìtì tó fi hàn pé ó ti béèrè òmíràn dípò èyí tó sọnù. Ọjọ́ 90 ni rìsíìtì náà lè fi dúró fún káàdì ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ni kò mọ̀, ẹ tẹ ìlànà I-9 jáde kó mú un dání.