Ká tó ra ilẹ̀ ní Klamath, kí la máa kọ́kọ́ wò?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Omíyalé Harvey bá wa níbẹ̀ lọ́dún 2017, òtútù oṣù Kejì ọdún 2021 sì tún ká wa mọ́lé láìsí iná, láìsí omi. A wá ń gbèrò àtikó lọ sí ìgbèríko Klamath County ní Oregon, ká máa dáko jẹ, ká sì ní ibi ààbò. Wọ́n fẹ́ ta éékà méjì fún wa lówó pọ́ọ́kú nítòsí Bonanza. Kí la máa wò ká tó sanwó? Bàbá Ire.

Ìdáhùn: Bàbá Ire, ẹ kú àròjinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Agbègbè yìí làwa náà ti ń tọ́ tiwa. Ẹ fi ti owó ilẹ̀ sílẹ̀ ná. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ó nídìí tí ilẹ̀ ọ̀hún fi ń lọ lówó pọ́ọ́kú. Lápá Bonanza àti Sprague River, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú igbó ni kò ní kànga, tí iná mànàmáná ò sì dé. Ọkọ̀ ni ẹni tó bá ń gbé irú ibẹ̀ fi ń gbé omi wá nínú táǹkì. Ẹ ro omi ìwẹ̀ ọmọ mẹ́ta, ti aṣọ fífọ̀, ti adìyẹ àti ewúrẹ́ mọ́ ọn.

Kànga gbígbẹ́ náà lófin. Ní Oregon, gbogbo ará ìlú ló ni omi, onílẹ̀ nìkan kọ́. Wọ́n gbà yín láàyè láti fa omi kànga ilé láìgba ìwé ẹ̀tọ́ omi, bí kò bá ti ju gálọ́ọ̀nù 15,000 lọ lóòjọ́, tí ọgbà tí ẹ ń bomi rin ò sì ju ìdajì éékà lọ. Ọgbà àjẹ ni mò ń sọ o. Oko ńlá tí ẹ bá fẹ́ máa tà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀tọ́ omi, ìjà ńlá sì ti wà lórí ìyẹn níbí tipẹ́. Ẹ̀tọ́ àwọn Klamath Tribes, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ látayébáyé, ló ṣáájú ti àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá dá lọ́dún 2001 àti 2021, ìjọba ti omi mọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kí ẹja má baà kú tán.

Lọ́dún 2021 yẹn náà ni kànga ilé ń gbẹ kiri. Mo wà lọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan nígbà tí tiẹ̀ gbẹ: ó ṣí ẹ̀rọ, atẹ́gùn ló kọ́kọ́ ń fọn jáde, iyanrìn tẹ̀lé e, omi kán tó-tó, ó dákẹ́. Torí náà, ẹ wá ìwé kànga àwọn tó yí ilẹ̀ náà ká lórí íntánẹ́ẹ̀tì Oregon Water Resources Department, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó omi. Ẹ óò rí bí kànga ṣe jìn tó, ibi tí wọ́n ti kan omi, àti iye gálọ́ọ̀nù tó ń mú wá ní ìṣẹ́jú kan. Bí àwọn kànga tuntun bá ń jìn ju ti àtijọ́ lọ, omi ibẹ̀ ń sá nìyẹn. Ẹ má rà á.

Ní ti ààbò, iná igbó ni wàhálà tibí. Bootleg Fire, tí mànàmáná ojú ọ̀run dá sílẹ̀ ní oṣù Keje 2021, jó ju éékà 413,000 lọ. Ẹ wò ó bóyá ọ̀nà méjì ló jáde níbi ilẹ̀ náà, kí ẹ sì gba èsì ilé iṣẹ́ ìbánigbófò lákọsílẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé. Ilẹ̀ máa ń mì níbí pẹ̀lú: lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1993, ìmìtìtì ilẹ̀ méjì ṣẹlẹ̀, ìwọ̀n agbára ọ̀kan tó 5.9, ti èkejì tó 6.0, ẹ̀mí méjì sì bá a lọ.

Klamath Falls, tó jẹ́ igboro àgbègbè yìí, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4,100, ìrì dídì sì lè pa ewéko lóṣù Kẹfà. Pòtétò ń ṣe dáadáa. Ata rodo tèmi kì í kúrò nínú ilé ọ̀rá.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ rẹ́ǹtì ilé nígboro fún ìgbà òtútù kan, níbi tí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ò ti jìnnà sáwọn ọmọ. Bí ẹ bá rí àwọn ìwé kànga yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ yẹ̀ wọ́n wò. Ìyá Dàpọ̀.